Kí ló dé tí àwọn èèyàn ò fi ọta .38 Special sílẹ̀ láti 1898? Ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ Ìbàdàn (Houston)
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń yìnbọn fún eré ìdárayá pọ̀ níbí, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ìbéèrè yìí wá. Ní réńjì tí mo máa ń lọ, ọta 9mm ni gbogbo àwa ọ̀dọ́ ń yìn. Àmọ́ àwọn bàbá àgbà kan máa ń wá láàárọ̀ Sátidé, revolver ni tiwọn (ìbọn ìléwọ́ tó ní sílíńdà, ìyẹn irin roboto oníhò tí ọta ń wọ̀, tó máa ń yí), .38 Special ni wọ́n sì máa ń kì sí i, wọ́n á yin mẹ́fà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n á da kòròfo ẹ̀ sínú àpò, wọ́n á tún ki mẹ́fà míì, kò sí ìkánjú kankan, pépà wọn sì máa ń dáa ju tiwa lọ. Mo bi ọ̀kan nínú wọn, ó ní láti 1898 ni ọta yẹn ti wà. Ọta tó ti lé ní ọgọ́fà ọdún o, tí wọ́n ṣì ń ṣe tuntun ẹ̀ lójoojúmọ́!

Ìyàwó mi náà ti ní òun fẹ́ kọ́ ìbọn yínyìn. Ẹni tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kan ń fi revolver kékeré kan lọ̀ ọ́, ó ní ó fúyẹ́, ó dáa fún obìnrin, .38 náà ló ń jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọta yìí ní tí àwọn tuntun ò ní, ṣé ká rà á?

Ọdẹ Atlanta
Àbúrò, o káre, ìbéèrè gidi lo bi yìí. Ilé iṣẹ́ Smith & Wesson ló gbé e jáde. Wọ́n mú .38 Long Colt tí ṣọ́jà Amẹ́ríkà ń lò nígbà yẹn, wọ́n fa kòròfo ẹ̀ gùn díẹ̀ kó lè gba ẹ̀tù sí i, ẹ̀tù dúdú ni mò ń sọ o, irú èyí tí àwọn ọdẹ wa ń kì sí ṣakabùlà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gba ẹ̀tù tí kì í rú èéfín dípò ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gé kòròfo yẹn kúrú, bó ṣe gùn nígbà náà ló ṣe gùn títí dòní. Ẹ̀tù tuntun ò gba àyè tó ti ẹ̀tù dúdú, torí náà òfìfo pọ̀ nínú ọta .38. Ẹni tó bá ń ki ọta fúnra ẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ohun tó wá mú kó dùn ún yìn ni pé kì í le. Agbára tó pọ̀ jù tí wọ́n gbà kí ẹ̀tù ní nínú ẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ psi 17,000 (psi ni wọ́n fi ń wọn bí ẹ̀tù ṣe ń tì tó), ti 9mm jẹ́ 35,000, o rí i pé kò tiẹ̀ tó ìdajì. Òjé (orí ọta tó ń fò lọ) tó wọ́pọ̀ jù lórí ẹ̀ wúwo, grain 158 ni, ìyẹn bíi gíráàmù mẹ́wàá, kì í sì í sáré, bíi ẹsẹ̀ bàtà 750 ló ń rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó o bá yìn ín nínú revolver onírin tó wúwo, bíi Model 10 ti Smith & Wesson, ṣe ló máa rọra ti àtẹ́lẹwọ́ ẹ sẹ́yìn, ojú ìbọn ò ní fò sókè, o ṣì máa rí ibi tó o dojú ẹ̀ kọ kó o tó fa tírígà lẹ́ẹ̀kejì. Ìyẹn ló jẹ́ káwọn bàbá yẹn lè máa yìn ín láti àárọ̀ dọ̀sán láìsí pé ọrùn ọwọ́ ń dùn wọ́n.

Ká tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ti wadcutter torí òun gan-an ló mú kí n nífẹ̀ẹ́ ọta yìí. Orí òjé ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ṣóńṣó rárá, wọ́n á tì í wọnú kòròfo títí tó fi máa dọ́gba pẹ̀lú ẹnu kòròfo, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé ọta tí wọ́n ti yìn ni. Grain 148 ni. Tó bá lu pépà kì í fa pépà ya, ihò roboto ló máa gé, etí ẹ̀ á mọ́ féfé, àfi bíi pé wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ihò sí pépà fáìlì lù ú. Ẹni tó ń ka máàkì ò ní ṣiyèméjì bóyá ó kan ìlà àbí kò kàn án. Ìdí nìyẹn táwọn tó ń díje fi di í mú fún àìmọye ọdún. Kódà Smith & Wesson ṣe pistol kan lọ́dún 1961, Model 52 lorúkọ ẹ̀, kì í ṣe revolver, ó ní magasíìnì tirẹ̀ tó ń gba márùn-ún, wadcutter .38 yìí nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ìbọn odidi kan nítorí oríṣi òjé kan ṣoṣo! Ẹ wo bí wọ́n ṣe ka ọta yìí sí tó.

Ìyá Ṣadé (Maryland)
Ọmọ mi, dákun, má jẹ́ kí wọ́n ta ìbọn fífúyẹ́ yẹn fún ìyàwó wa. Gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń ṣe é fún àwa obìnrin, tí obìnrin bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù báyìí, ìbọn tó kéré jù ni wọ́n máa nawọ́ sí. Ohun tí Ọdẹ Atlanta sọ pé ó ń rọra ti àtẹ́lẹwọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú ìbọn tó wúwo ni. Àwọn kékeré tí ara wọn jẹ́ aluminium, ìwọ̀n wọn ò tó ìdajì ti Model 10, ọta kan náà ni, agbára kan náà ni, kò sí irin tó máa bá ọwọ́ ẹ gbé e, ọwọ́ lá wá gbé gbogbo ẹ̀. Ìdìmú ẹ̀ kéré, ọmọ ìka tó kéré jù ò ní rí ibi dì mú, ojú tó o fi ń wo ibi tó o fẹ́ lù kúrú, tírígà ẹ̀ tún le. Mo ti rí àwọn obìnrin tó yin márùn-ún nínú irú ẹ̀ tí wọ́n gbé e kalẹ̀ tí wọn ò sì padà wá mọ́, tó bá jẹ́ ìbọn tó wúwo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni, wọn ì bá ti máa dá lọ sí réńjì fúnra wọn. Ìbọn kékeré yẹn wà fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n yìn dáadáa tó fẹ́ máa gbé e kiri lábẹ́ aṣọ.

Èyí tó yẹ kí ẹ wá ni revolver onírin tí ọ̀pá ẹ̀ gùn tó ínǹṣì mẹ́rin. Model 10 tàbí Model 64 tó jẹ́ tòkunbọ̀ dáa gan-an. Tówó bá wà, ẹ ra èyí tó jẹ́ .357, irú Ruger GP100, kẹ́ ẹ sì máa ki .38 sí i.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ kọ́kọ́ ṣí sílíńdà kẹ́ ẹ rí i pé kò sí nǹkankan nínú ẹ̀. Kẹ́ ẹ wá tì í padà, kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò fa òòlù ẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa wo sílíńdà, ó gbọ́dọ̀ ti gbá mọ́ ibi tó yẹ kó dúró sí kí òòlù tó dúró. Ẹ ṣe é fún gbogbo ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Tí ọ̀kan bá ń falẹ̀, tí sílíńdà ń mì jẹ̀jẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ àwọn obìnrin ìjọ wa rèé, .38 ló dáa jù fún un. Mo máa ń bá wọn ki ọta mẹ́ta àti kòròfo mẹ́ta tí a ti yìn, màá pò wọ́n pọ̀, màá yí sílíńdà kẹ́ni náà má mọ èyí tó kàn. Á gbé e, á fa tírígà. Tó bá bọ́ sórí kòròfo, ìbọn ò ní dún, tó o bá wá rí ojú ìbọn tó tẹ̀ sílẹ̀ wẹ́rẹ́, o mọ̀ pé ẹ̀rù ariwo ló ń fi ọwọ́ tì í. Òun náà á rí i fúnra ẹ̀, èèyàn ò ní láti bá a jiyàn. Tó bá ti ṣe é fún ìgbà díẹ̀, ojú ìbọn á dúró gbọnin.

Kẹ́ ẹ má gbàgbé àwọn nǹkan yìí: ọmọ ìka ò gbọdọ̀ kọjá iwájú sílíńdà, àlàfo tó wà láàárín sílíńdà àti ọ̀pá ìbọn máa ń tú iná àti ẹ̀rún òjé, á bẹ́ èèyàn lọ́wọ́. Ẹ fi nǹkan bo etí àti ojú. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ fi ọṣẹ àti omi tútù fọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun, torí májèlé ni òjé. Aláboyún ò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀ rárá.

Ọmọ Ìbàdàn (Houston)
Mummy, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti fi ránṣẹ́ sí ìyàwó mi, ó ní òun ti gbé ti kékeré yẹn wò, pé ìdìmú ẹ̀ ò kún ọwọ́ òun. Ohun tó ń dà mí láàmú báyìí ni owó ọta, mo rí i pé páálí .38 wọ́n ju 9mm lọ. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Alóta (Dallas)
Òótọ́ ni pé ó wọ́n. 9mm ni ọlọ́pàá àti ṣọ́jà káàkiri ayé ń lò, ìyẹn ni wọ́n fi ń ṣe é rẹpẹtẹ, .38 ò ní irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí .38 ti ń san owó ẹ̀ padà ni kíkì rẹ̀ nílé. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń sọ èyí torí iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn.

Àkọ́kọ́, kòròfo ẹ̀ kì í sọnù. Pistol máa ń ju kòròfo dànù, o máa bẹ̀rẹ̀ kiri ilẹ̀ bíi ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Revolver, o máa ṣí sílíńdà, o máa gbé ojú ẹ̀ sókè, o máa fi àtẹ́lẹwọ́ lu ọ̀pá kékeré tó wà níwájú ẹ̀, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á jáde sí ẹ lọ́wọ́ pẹ̀lú ooru díẹ̀ lára wọn. Ìkejì, kòròfo ẹ̀ gún régé látòkè délẹ̀, kò tín-ín-rín níbì kankan, tó o bá ra die carbide (irin líle tí a ń ti kòròfo wọ̀ kó lè padà sí ìwọ̀n ẹ̀), o ò ní láti fi òróró pa á kó o tó tì í wọ̀ ọ́. Ìkẹta, torí pé agbára ẹ̀ ò le, kòròfo kan ṣe é kì léraléra kí ẹnu ẹ̀ tó là. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ki ọta, .38 Special ni kó fi bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ ọta míì tó rọrùn tó o.

Ewu ẹ̀ wá wà níbi òfìfo tí ẹ̀gbọ́n Ọdẹ Atlanta sọ yẹn. Ẹ̀tù tí a ń dà sínú wadcutter kéré débi pé tó o bá ṣèèṣì dà á lẹ́ẹ̀mejì sínú kòròfo kan, kò ní kún, ojú ò ní tètè fura. Tẹ́nì kan bá yin irú ẹ̀, sílíńdà lè fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Torí náà gbogbo kòròfo tí mo bá ti da ẹ̀tù sí, orí pátákó ni mo máa ń tò wọ́n sí, màá fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí n tó ti òjé kankan wọ̀ ọ́. Ìwọ̀n ẹ̀tù, inú ìwé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀tù náà tẹ̀ jáde ni kó o ti mú un, má gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, títí kan èmi.

Òdì kejì ẹ̀ náà wà, kéèyàn gbàgbé àtida ẹ̀tù. Práímà (ohun kékeré ìdí ọta tó ń ṣáná sí ẹ̀tù) nìkan lè ti òjé dé àárín ọ̀pá ìbọn kó há síbẹ̀. Tó o bá gbọ́ pé ó dún "pò" dípò kó dún dáadáa, tí o ò rí ihò lórí pépà, dúró lójú ẹsẹ̀, má yin ìkejì, kó gbogbo ọta kúrò, kó o wo inú ọ̀pá. Ìkejì tó bá lọ bá èyí tó há ló ń ba ìbọn jẹ́, tó sì ń ṣe èèyàn léṣe.

Ará Birmingham
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà. Ẹ lè má mọ̀ pé .38 ò tíì kú níbí náà. Ẹ mọ̀ pé òfin ọdún 1997 ti gba ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ èèyàn ní England, Scotland àti Wales. Kí làwọn tó fẹ́ràn .38 wá ṣe? Wọ́n gbé e sínú ìbọn gígùn. Ìbọn alápá tí wọ́n ń fà sísàlẹ̀, irú tàwọn kabọ́ì, tó jẹ́ .357, òun la ń pè ní gallery rifle níbí, mítà 25 àti 50 la máa ń yìn ín, wọ́n sì ń ṣe ìdíje ẹ̀ ní Bisley ní Surrey. Nínú ọ̀pá gígùn yẹn, .38 dà bíi pé kò dún mọ́, kò sì ti èjìká ẹ rárá.

Ìmọ̀ràn tèmi kan fẹ́ni tó bá fẹ́ gbà á: wadcutter olórí pẹrẹsẹ yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn dáadáa nínú ìbọn alápá, ó máa ń há lójú ọ̀nà. Èyí tí òjé ẹ̀ yọ jáde díẹ̀ tí orí ẹ̀ wá tẹ́ ni kẹ́ ẹ lò. Ẹni tó bá wà níbí tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ tí Home Office fọwọ́ sí ni kó kọ́kọ́ dara pọ̀ mọ́, á ṣe probation (ìgbà ìdánwò), lẹ́yìn náà á lọ bá ọlọ́pàá fún ìwé àṣẹ.

Ọdẹ Atlanta
Ará Birmingham, o ṣé gan-an, mi ò mọ̀ pé ẹ ṣì ń gbádùn ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún.

Mo fẹ́ fi kún ohun tí Ìyá Ṣadé sọ nípa .357. Ọdún 1935 ni wọ́n gbé òun jáde, ọmọ .38 ni, òjé kan náà ni wọ́n ń lò, wọ́n kàn fa kòròfo ẹ̀ gùn díẹ̀ kó má bàa wọnú ìbọn .38, torí agbára ẹ̀ ti di psi 35,000. Torí náà .38 máa ń wọ ìbọn .357, kò séwu, .357 ò gbọdọ̀ wọ ìbọn .38 láéláé. Ẹni tó bá wá ń yin .38 púpọ̀ nínú .357, ó gbọ́dọ̀ máa fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ihò sílíńdà dáadáa, torí .38 kúrú, iwájú ibi tó mọ ni ìdọ̀tí máa ń gbá jọ sí, á ṣe òrùka dúdú kan yíká. Tó o bá wá fẹ́ ki .357 lọ́jọ́ kan, kò ní wọlé délẹ̀. Wọ́n á ní ìbọn ti bàjẹ́, kò bàjẹ́ o, ìdọ̀tí ni.

Ìdí míì tí àwọn tòkunbọ̀ fi wà nílẹ̀: ọlọ́pàá ilẹ̀ yìí. Ìbọn .38 ni wọ́n gbé fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Colt ṣe Detective Special lọ́dún 1927, ìbọn kékeré tàwọn ọlọ́pàá tí kì í wọ aṣọ iṣẹ́, Smith & Wesson fi Chiefs Special dá wọn lóhùn lọ́dún 1950. Model 10 àti àwọn bàbá ẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà tí wọ́n ti ṣe. Nígbà tó di April 1986, ìbọn dún ní Miami láàárín FBI àti àwọn adigunjalè méjì, ọmọ FBI méjì kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbé revolver lọ́jọ́ náà, látìgbà yẹn ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá pistol tó ń gba ọta púpọ̀. New York gan-an fàyè gba 9mm fáwọn ọlọ́pàá wọn lọ́dún 1993. Wọ́n wá kó àwọn revolver yẹn tà. Èyí tí mo rà, gbogbo àwọ̀ ẹ̀ ti họ nítorí àpò tí wọ́n ń kì í bọ̀ tí wọ́n ń fà á yọ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n inú ọ̀pá ẹ̀ ń dán bíi dígí, ọlọ́pàá ń gbé ìbọn kiri ju bó ṣe ń yìn ín lọ. Lójú tèmi, kò sí rírà tó dáa tó o.

Ẹgbá Òkè
Ẹ̀yin ará, ẹ̀ ń jẹ́ kó wuni. Abẹ́òkúta ni mo wà, bàbá mi ọdẹ ni. Ṣé èèyàn lè gbàwé fún irú revolver báyìí nílé?

Ìyá Ṣadé (Maryland)
Ẹgbá Òkè, kò ṣeé ṣe o. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 ní Nàìjíríà ka revolver àti pistol mọ́ ìbọn tí wọ́n fòfin dè, Ààrẹ nìkan ló lè fún èèyàn láṣẹ ẹ̀. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ẹ́ pé òun bá ẹ mọ ẹnì kan tó lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ n tibẹ̀ kìlọ̀ fáwa tá à ń lọ sílé. Báàgì réńjì ò gbọdọ̀ di báàgì ìrìn àjò. Ọta kan ṣoṣo tó bá bọ́ sí abẹ́ aṣọ inú ẹ̀, tí wọ́n bá rí i ní pápákọ̀ òfurufú, wàhálà tó máa fà kì í ṣe kékeré. Ohun míì ni físà. Lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ yìí, ẹni tó wá pẹ̀lú físà ọmọ ilé ìwé, físà iṣẹ́ tàbí físà ìbẹ̀wò kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ìbọn tàbí ọta, àfi ìyàtọ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹni tó ní green card lè ní in. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò bá dá a lójú, kó lọ bá lọ́yà kó tó fọwọ́ kàn án, ní réńjì pàápàá.

Ọmọ Ìbàdàn (Houston)
Àwa méjèèjì ti ní green card, ẹ ṣeun, Mummy. A ti rí Model 64 kan, ínǹṣì mẹ́rin, mo ti ṣe bẹ́ ẹ ṣe ní kí n wò ó, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúró gbọnin. Ọ̀rọ̀ tó kù ni pé páálí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù pọ̀, wọ́n kọ .38 oríṣiríṣi sí i lára. Èwo ni kí n mú?

Alóta (Dallas)
"38 Special" ni kó wà lára páálí àti ní ìdí ọta, kó sì bá ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá ìbọn mu. .38 S&W yàtọ̀, ó kúrú, ó sì sanra jù ú lọ díẹ̀, òun làwọn Gẹ̀ẹ́sì lò nígbà ogun àgbáyé kejì, má rà á. .38 Super náà yàtọ̀, ọta pistol ni, ó sì le jù fún un. Èyí tí wọ́n bá kọ +P sí (ìyẹn èyí tí agbára ẹ̀ ju ti .38 lásán lọ), Model 64 á gbà á, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ò nílò ẹ̀, àwọn ìbọn aluminium àtijọ́ sì wà tí kò yẹ kí wọ́n jẹ ẹ́ rárá. Tó o bá rí wadcutter grain 148, òun ni kó o kọ́kọ́ mú fún ìyàwó. Tí kò bá sí, mú grain 130 tàbí 158 lásán. Má sì da kòròfo ẹ̀ nù o, tí o ò bá tíì fẹ́ máa kì í, mo wà ní Dallas, màá gbà á lọ́wọ́ ẹ.